Dókítà tó máa jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ yín: lórí àsìkò abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà

Níbi ìpàdé àwọn òbí ọmọ Yorùbá ní Houston ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo wá kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, orúkọ èèyàn nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo rí àwọn tó gbé ọmọ jòjòló dání, bó bá sunkún ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ má gbé e jáde o, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ la wá sọ.

Lánàá ni àbúrò wa kan tó wà nínú oyún oṣù méje fi voice note ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá dókítà ọmọdé tí ò ní jágbe mọ́ mi tí mo bá ní kí wọ́n má gún ọmọ mi ní gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ pé òun ò fẹ́ abẹ́rẹ́ o. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ẹ̀rù yẹn bú òun. Mo mọ ẹ̀rù yẹn, èmi náà ti gbé e wọ ọ́físì dókítà rí, ohun tójú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín.

Ọdún 12 rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, mi ò tíì kàwé nọ́ọ̀sì rárá, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru, bàbá ọmọ ń wa takisí, kò síyàá nítòsí, kò síyàá ọkọ, káàdì ìpè la fi ń pe ilé. Ọmọ pé oṣù méjì, a gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì gbé tíréè wọlé, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló tò sórí ẹ̀ pẹ̀lú ike kékeré kan tí wọ́n máa kán sí i lẹ́nu. Mo wo abẹ́rẹ́, mo wo itan ọmọ. Mo wá bi dókítà pé ṣé a lè gba méjì lónìí, ká padà wá gba èyí tó kù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dókítà ò tiẹ̀ jókòó, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn, ó ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, tí mi ò bá fẹ́ kí n lọ wá ibòmíì, ló bá jáde. Kò bi mí pé kí ló dé.

Mo gbà kí wọ́n gún un. Ara ọmọ gbóná díẹ̀ lálẹ́, ó sùn, ilẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Èmi ni nǹkan ṣe. Mo sunkún nínú mọ́tò títí bàbá ẹ̀ fi páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ oṣù kẹrin kọjá, ti oṣù kẹfà náà kọjá, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé mà á wá dókítà míì, iṣẹ́ òru ò jẹ́, ìtìjú náà ò jẹ́, ọmọ mi wà bẹ́ẹ̀ láìní ààbò tó péye nínú ọdún àkọ́kọ́ ayé ẹ̀, ìgbà tí ikọ́ àwúbì, whooping cough, máa ń mú ọmọ tó sì máa ń le jù. Torí náà tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé bí dókítà ṣe ń bá òbí sọ̀rọ̀ ò kan ìlera ọmọ, mi ò ní gbà.

Dókítà kejì, obìnrin ni, ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló júwe ẹ̀ fún mi. Ó wọlé, ó fa àpótí ìjókòó kékeré onítáyà yẹn, ó jókòó sórí ẹ̀ débi pé èmi gan-an ga jù ú lọ, ó wo káàdì ọmọ, ó rí i pé a ti pẹ́, kò sì pariwo. Ohun tó bi mí ni pé kí ló ń bà mí lẹ́rù gan-an. Mo bá sọ fún un.

Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ kan l'Abẹ́òkúta, nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ó gba abẹ́rẹ́ èèyi tí òyìnbó ń pè ní measles. Ọjọ́ kẹjọ ẹ̀ lara ọmọ gbóná janjan lóru, ojú ẹ̀ yí sókè, ọwọ́ ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì gbé e. Gbogbo ilé ta jí. Ìyá àgbà ti ìdí ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu kó má báa gé ahọ́n jẹ, wọ́n da àgbo gìrì sí i lẹ́nu, èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe, ẹnì kan ń ti ẹsẹ̀ ẹ̀ sún mọ́ iná ààrò kó lè ta jí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mi ò lè sún síwájú, mi ò lè sá sẹ́yìn. Òórùn àgbo yẹn ṣì wà nímú mi dòní. Látọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé wa pé abẹ́rẹ́ ló gbé gìrì wá.

Dókítà yẹn gbọ́ mi tán. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé irọ́ ni. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn ló fà á lóòótọ́, torí ibà tó máa ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́ èèyi kì í dé lọ́jọ́ kan náà, bí ọjọ́ keje sí ìkejìlá ló máa ń dé, ọmọ díẹ̀ sì máa ń ní gìrì nínú ibà yẹn, bí ẹyọ kan nínú 3,000 sí 4,000 abẹ́rẹ́. Ó ní gìrì ibà máa ń dẹ́rù bani ṣùgbọ́n kì í pẹ́, kì í sì í ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ó wá béèrè pé ọmọ yẹn ńkọ́, báwo ló ṣe wà. Mo ní ó wà dáadáa, ó ń lọ síléèwé, àpá kan péré ló wà lára ẹ̀, ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní iná ló dá àpá yẹn sí i, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ rí ohun tó ṣe fún mi lọ́jọ́ náà. Èèyàn ti ń sọ fún mi látọdún yẹn wá pé ohun tí mo fojú mi rí ò ṣẹlẹ̀, obìnrin yìí ní ó ṣẹlẹ̀, ó wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti ohun tá a lè ṣe. Ó ní torí ẹ̀rù gìrì yìí náà ni kò fi yẹ kí n sún abẹ́rẹ́ èèyi síwájú, pé ọmọ tó bá gbà á láàárín oṣù 12 sí 15 kì í fi bẹ́ẹ̀ ní gìrì tó ọmọ tí wọ́n bá sún tiẹ̀ di oṣù 16 sí 23. Tí mo bá dá a dúró kí gìrì má báa gbé ọmọ mi, mo ń pe gìrì náà ni, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí. Ó ní ohun kan tún wà: abẹ́rẹ́ kan wà tó pa èèyi àti chickenpox pọ̀ lójú kan, ìgbà àkọ́kọ́ tọ́mọ bá gbà á, gìrì ibà máa ń pọ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀ ju kí wọ́n gún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ, torí náà fún ọmọ tèmi àwọn máa yà wọ́n. Kò sọ pé òun ń ṣe mí lóore o, ó ní ohun tó yẹ ká ṣe fún ọmọ tí gìrì wà nínú ìdílé ẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ náà ni mo gbà kí wọ́n fún ọmọ mi ní gbogbo èyí tó ti kọjá lórí ẹ̀, wọ́n ní kí n fọ́mú sí i lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń gún un, èmi tí mo ti ní mi ò ní gbà ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ sí Nàìjíríà, ẹ rántí bí ara ọmọ ṣe máa ń gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ìyá á ti ra parasitamọ́ sílẹ̀ kó tó kúrò ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Ìdí wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ Penta tí wọ́n ń fún ọmọ nílé, odindi kòkòrò ikọ́ àwúbì tí wọ́n ti pa ló wà nínú ẹ̀, ó máa ń mú ara gbóná gan-an ṣùgbọ́n ó lágbára. Níbí, látìgbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 2000 wọlé, wọ́n ti pa tàtijọ́ yẹn tì, apá kan lára kòkòrò náà ni wọ́n ń lò, kì í mú ara gbóná tó tilé. Torí náà tí màmá bá ń sọ lórí fóònù pé "ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ọmọ yẹn o", ohun tójú wọn rí lọ́jọ́ tiyín ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe irọ́, kì í kàn ṣe ohun tó wà nínú tíréè tó wà níwájú yín nìyẹn.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí mo dúró kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Dókítà tó bọ̀wọ̀ fún òbí, dókítà tó ń dáhùn ìbéèrè ni, tó ń sọ òótọ́ tó le fún yín láìfi yín wọ́lẹ̀, tó sì mọ ibi tí àyè wà àti ibi tí àyè ò sí. Ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tó ní "ó dáa, bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́", tẹ́ ẹ tún sọ̀rọ̀ tó ní "ó dáa", kò bọ̀wọ̀ fún yín, ó ti fi yín sílẹ̀ ni. Kò sí ètò kankan tí àwọn èèyàn fi ń sún abẹ́rẹ́ síwájú tí ẹnikẹ́ni ti fi hàn pé ó dáàbò bo ọmọ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Gbogbo ọjọ́ tá a bá sún un, ọmọ náà ló ń fi ara ẹ̀ dúró dè é.

Àmọ́ àyè wà nínú ètò náà fúnra ẹ̀, àwọn òbí ò sì mọ̀, torí dókítà tó ń sáré ò ní sọ fún yín. Abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú, hepatitis B, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àtoṣù 6 títí dé oṣù 18 ló wà fún. Ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà bẹ́ẹ̀. Ti èèyi àti chickenpox àkọ́kọ́, oṣù 12 sí 15. Ìyá tí ò bá fẹ́ kí wọ́n gún ọmọ ẹ̀ níbi márùn-ún lọ́jọ́ tó pé ọdún kan lè gba díẹ̀ lóṣù 12, kó gba èyí tó kù ní 13 tàbí 14, kò tíì pẹ́, kò sì rú òfin kankan, ẹ ṣáà ti jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá yín ka ọjọ́, torí èèyi àti chickenpox, tí wọn ò bá gún wọn lọ́jọ́ kan náà, ó gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín wọn. Ẹ bi kílíníìkì pé ṣé wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń ya fún abẹ́rẹ́ nìkan, tẹ́ ẹ ò ní rí dókítà, ẹ bi wọ́n pé èló ni wọ́n máa gbà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, torí mo ti rí ìyá tó pín abẹ́rẹ́ tí wọ́n gba owó ìbẹ̀wò lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò padà wá ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

Ibi tí àyè ò sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ketekete. Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu, rotavirus, tí kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ gbuuru gbẹ omi ara ọmọ, ọmọ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 15, tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 15 láìbẹ̀rẹ̀, wọn ò ní fún un mọ́ láéláé. Ẹni tó ní òun á bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo tọ́mọ bá pé oṣù mẹ́rin ti pàdánù ìyẹn láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ lábẹ́rẹ́ nínú. Ikọ́ àwúbì, àwọn ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta ló ń pa jù, ọmọ kékeré lè má tiẹ̀ wú ikọ́ náà bí àgbà, ó lè kàn ṣíwọ́ èémí. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fún aláboyún ní tiẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 27 sí 36, kí ìyá lè fi ààbò ránṣẹ́ sínú oyún, torí ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ oṣù méjì ò fi yẹ kó kọjá oṣù méjì.

Èyí tó kàn yìí, àwa ni mò ń bá wí gan-an. Mẹ́dọ̀wú irú B. Ní Nàìjíríà, bí èèyàn 8 nínú 100 àgbàlagbà ló ń gbé e kiri, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ torí kì í dùn wọ́n níbì kankan. Tí ìyá bá ní in, tó sì ran ọmọ nígbà ìbí, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa gbé e títí ayé, òun náà ló ń di ẹ̀dọ̀ líle àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kejì tí wọ́n ń pè ní HBIG, láàárín wákàtí 12 tí wọ́n bá bí ọmọ, ló ń dá a dúró. Wákàtí o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Òyìnbó tó ń gbé ládùúgbò yín lè máa sọ pé mẹ́dọ̀wú ò kan ọmọ òun. Tiwa kàn wá. Kí aláboyún kọ̀ọ̀kan nínú yín béèrè èsì àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú ẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ìbímọ, kó fojú ara ẹ̀ rí i lórí pépà, kó tó máa jiyàn lórí abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí.

Gbogbo ènìyàn rò pé òbí tó bá ń sọ̀rọ̀ àsìkò abẹ́rẹ́, ìdádúró ló fẹ́. Àwa ńkọ́ tá a fẹ́ kó yá? Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì December, ọmọ oṣù méje fẹ́ lọ rí ìyá ìyá ẹ̀ n'Ìbàdàn. Èèyi wà nílé, ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan níbí ò sì tíì gbabẹ́rẹ́ ẹ̀. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n fún ọmọ náà kẹ́ ẹ tó gbéra, ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí 11 tó bá fẹ́ lọ sókè òkun, ó yẹ kó gba ẹyọ kan ṣáájú, tó bá sì pé ọdún kan á ṣì gba méjèèjì tó yẹ kó gbà, torí wọn ò ní ka ti tẹ́lẹ̀ yẹn mọ́ ọn. Ti ibà pọ́njú, tọ́mọ bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, kílíníìkì tí ìjọba fún láṣẹ ẹ̀ nìkan ló ń gún un, dókítà ọmọdé tiyín lè má ní in, torí náà ẹ tètè béèrè, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Dókítà tí ẹ bá sọ fún pé ẹ ń lọ sílé tó ní "ẹ lọ ire" tí kò sì béèrè ọjọ́ orí ọmọ, ẹ wá òmíì.

Àwọn tó kó ọmọ wá láti ilé náà wà níbí, mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ wá, èyí tẹ́ ẹ tọ́jú sínú nylon láti ọjọ́ tí ẹ bí i, nọ́ọ̀sì wò ó bíi pépà tí wọ́n fi di àkàrà, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Káàdì tó bá ní orúkọ, abẹ́rẹ́ àti déètì, ìwé tó ṣeé gbà ni. Penta mẹ́ta lórí káàdì yẹn, ikọ́ àwúbì wà nínú ẹ̀, gbọ̀fungbọ̀fun, diphtheria, wà nínú ẹ̀, ìpá, tetanus, wà nínú ẹ̀, mẹ́dọ̀wú wà nínú ẹ̀, Hib, kòkòrò kan tó lè wọ ọpọlọ ọmọ, wà nínú ẹ̀, dókítà tó mọṣẹ́ á kà á. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n máa tún gún lóòótọ́ tí kì í ṣe ìwọ̀sí: èèyi tó gbà lóṣù mẹ́sàn-án, torí ìgbà tọ́mọ bá pé ọdún kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á níbí, àti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n kán sí i lẹ́nu láti April 2016, torí irú méjì ló wà nínú èyí tí wọ́n ń kán látìgbà náà dípò mẹ́ta, èyí tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún nílé, wọ́n á kà á. Àpá BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ fée, tó wà léjìká ọmọ náà, ẹ fi hàn wọ́n. Wọn kì í gún un fọ́mọ níbí, tí wọ́n bá fẹ́ ṣàyẹ̀wò ikọ́ fée ẹ ní kí wọ́n ṣe ti ẹ̀jẹ̀, torí èyí tí wọ́n ń ṣe lára awọ lè sọ pé ọmọ ní ikọ́ fée nígbà tó jẹ́ BCG ló ń fèsì.

Ó dáa, báwo la ṣe máa rí dókítà yìí? Inú oyún ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bí oṣù keje báyìí. Ọ̀pọ̀ kílíníìkì ló ń gba aláboyún láyè kó wá rí dókítà kó tó bímọ, ọ̀pọ̀ ò sì í gba kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pè, ẹ bi ẹni tó ń gbé fóònù pé kí lòfin yín lórí àsìkò abẹ́rẹ́, ṣé ẹ máa ń lé òbí tó bá ní ìbéèrè. Àwọn kan á sọ pé àwọn ò gba ọmọ tí òbí ẹ̀ ò bá tẹ̀lé ètò. Ẹ má tètè bínú sí wọn, àwọn náà ní ìdí. Kòkòrò èèyi lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá tó wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹni tó ní in ti jáde, ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún ní kímò, oògùn jẹjẹrẹ tí kì í jẹ́ kí ara lè bá àrùn jà dáadáa, lè jókòó sórí àga kan náà, ìyá ọmọ yẹn náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀wọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà, AAP, sọ ọ́ lọ́dún 2016 pé tí dókítà bá ti ṣe gbogbo àlàyé tí òbí sì kọ̀ jálẹ̀, ó lè ní kí wọ́n lọ síbòmíì. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àlàyé ló kọ́kọ́ wá. Dókítà tèmi àkọ́kọ́ yẹn, ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ dé.

Tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀, ẹ wò ó bóyá á jókòó. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan tẹ́ ẹ ti mọ ìdáhùn ẹ̀, bíi ti rotavirus yẹn, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe máa dáhùn. Ẹ sọ ẹ̀rù yín gan-an fún un. Kẹ́ ẹ kàn ní "mo fẹ́ pín in" ò tó, torí ẹ̀rù ìrora yàtọ̀ sí ẹ̀rù gìrì, ẹ̀rù gìrì yàtọ̀ sí ẹ̀rù autism, ìyẹn kí ọpọlọ ọmọ dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀, tí kì í jẹ́ kó rọrùn fún un láti bá èèyàn sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ti ìrora, ẹ rò ó wò, pínpín túmọ̀ sí pé ọmọ máa sunkún lọ́jọ́ méjì dípò ọjọ́ kan. Òfin ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1986 ló ní kí wọ́n fún yín níwèé tó ṣàlàyé abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gún un, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn ṣáájú ọjọ́ náà kẹ́ ẹ kà á nílé. Tó bá jẹ́ màmá ló ń gbé ọmọ lọ torí ẹ wà níbi iṣẹ́, kílíníìkì tó ń gba owó ìjọba gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ Yorùbá fún wọn lórí fóònù, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà. Tí ò bá sì sí ìnṣọ́ránsì, tàbí Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún ẹni tówó tó ń wọlé fún ò tó nǹkan, lẹ̀ ń lò, ètò kan wà láti ọdún 1994, Vaccines for Children, abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 19.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín jù. Ní January 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ New York bu owó ìtanràn $300,000 lé agbẹ̀bí kan lórí, ó ń fún àwọn ọmọ ní hóró oògùn kéékèèké dípò abẹ́rẹ́, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti gbabẹ́rẹ́, ọmọ bí 1,500. Ó dá mi lójú pé inú àwọn òbí kan dùn sí i, wọ́n á ní ó gbọ́ tàwọn. Ọmọ wọn ló ń lọ síléèwé pẹ̀lú ìwé irọ́. Òfin iléèwé náà ò rí bákan náà níbi gbogbo, Texas tá a wà yìí gba òbí láyè kó búra pé ọkàn òun ò gbà á, New York ti fòpin sí èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀sìn gbà lọ́dún 2019, torí náà ìmọ̀ràn tí ẹ̀gbọ́n yín ní Brooklyn bá fún yín lè má bá tibí mu.

Autism tí mo dárúkọ yẹn, mo mọ̀ pé òun ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. Ọdún 1998 ni dókítà òyìnbó kan, Andrew Wakefield, kọ̀wé pé abẹ́rẹ́ èèyi lọ́wọ́ nínú ẹ̀, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó gbé e jáde fagi lé e lọ́dún 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ó wá lọ bá àwọn ará Sòmálíà ní Minnesota, èèyàn dúdú bíi tiwa, àjèjì bíi tiwa, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa dá wọn lóhùn nípa àwọn ọmọ wọn tó ní autism. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀dùn ọkàn wọn ò kéré, wọn ò sì rẹ́ni gbọ́ wọn, ẹni tó gbọ́ wọn ló wá di ẹni tí wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún abẹ́rẹ́ èèyi. Lọ́dún 2017 èèyi wọ àárín wọn, èèyàn 75 ló mú ní ìpínlẹ̀ náà, ọmọ Sòmálíà ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọn ò gbabẹ́rẹ́. Níbí ní Texas, January 2025 ló bẹ̀rẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn, ó mú èèyàn tó lé ní 700 kó tó rọlẹ̀ ní August, ọmọ méjì kú, àwọn méjèèjì ò gbabẹ́rẹ́. Ọmọ iléèwé ni wọ́n.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, bàbá kan dìde lẹ́yìn, ó ní ìyàwó òun ti gbà, òun lòun ò tíì gbà, ṣé òun náà lè bá dókítà sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi òun ṣe aláìmọ̀kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin àti màdáámù jọ lọ, ìbéèrè yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi, kẹ́ ẹ bi í títí ọkàn yín á fi balẹ̀ tàbí títí ẹ máa fi rí i pé dókítà yẹn ò dáa. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà dókítà tèmi. Mo fún un.

Àbúrò tó fi voice note ránṣẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà ìta ló jókòó sí nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Thursday ni àpọ́íńtìmẹ́ǹtì ẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ti gbàyè níbi iṣẹ́, mà á bá a lọ. Èsì àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú ẹ̀ ti jáde, kò ní in. Ìbéèrè tó kọ ti di ojú ìwé mẹ́ta, ó ń bi mí pé ṣé kò pọ̀ jù, mo ní kó mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá.